Ohùn Tí Kì Í Sálámà

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ní ọ̀fìnkìn. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Ó máa ń mú mi nígbà tí wọ́n bá ní kí n ka kéwú níwájú èèyàn. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, níbi ìpàdé àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, bí ẹnikẹ́ni bá ti yíjú sí mi pé, "Tíṣà, ẹ bá wa fi àdúà bẹ̀rẹ̀," ọ̀fìnkìn á dé. Màá fọwọ́ kan ọ̀fun mi, màá mirí, wọn á sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ lọ lo nǹkan sí i." Wọ́n ti fún mi ní àgbo, wọ́n ti fún mi ní oyin, ẹnì kan tiẹ̀ fún mi ní òróró tó ní láti Mẹ́kà ni wọ́n ti mú un wá fún òun. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ara mi le koko.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ọ̀yọ́. Ọmọ ọgọ́rin ló ń jókòó sí kíláàsì mi, àwọn mìíràn nínú wọn ga jù mí lọ, mi ò sì bẹ̀rù ẹnì kankan. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ojú ìwé kéwú kan síwájú mi, ohùn kan wà tó máa sọ̀rọ̀ nínú mi. Á ní, "Orí ẹ ò gba kéwú." Kì í pariwo. Bí ẹni ń sọ fúnni pé òjò ti dá ló ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹnu Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, "ìwọ" ló sì ń pè mí, èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ìjọba ń fún àwa tíṣà ní họlidé. Ohùn yìí kò gba họlidé rí.

Mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ti ka kéwú dé ibi tí wọ́n fi ń ṣe wòlímọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ẹni tó ń kéwú máa jókòó láàárín èrò, tí á ka ibi tó kọ́ dé kí gbogbo ayé gbọ́. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Màámi, tí wọ́n ń ta òwú àti abẹ́rẹ́, ni wọ́n ra ewúrẹ́, àwọn ni wọ́n dá aṣọ funfun fún mi, àwọn náà ni wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì méjì kaná.

Níbi wòlímọ̀, àwọn àáfà máa ń jókòó yí ọmọ ká. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, gbogbo wọn á pe èyí tó tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, lóhùn rara. Wọn kì í bínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn á pè é, ọmọ á tún un pè, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ọmọ ló ń ṣì í. Èyí tí kò bá ṣì í rárá, àwọn èèyàn á máa wò ó bí ẹni tó lo nǹkan.

Mo ṣì í ní ìlà kẹta. Àáfà mẹ́sàn-án pariwo èyí tó tọ̀nà lé mi lórí. Mo dìde. Mi ò sáré o; irọ́ ni àwọn tó ní mo sáré ń pa. Mo rọra dìde, mo gbé wàláà mi, pátákó tí wọ́n kọ kéwú sí lára, sí abíyá, mo sì rìn lọ sílé. Ebi ń pa mí nígbà tí mo délé. Mo bu ìrẹsì àlejò, mo sì mú ẹran méjì. Ọmọdé kì í mú ẹran méjì nílé wa, àmọ́ mo ti mọ̀ pé ayé mi ti bàjẹ́, mi ò sì rí ohun tó kù tí wọ́n lè fi mí ṣe.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn màámi lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná. Aládùúgbò wa kan ń tù wọ́n nínú. Màámi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Orí ẹ̀ ò gba kéwú." Wọn ò bínú, wọn ò sunkún. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bu ìrẹsì fún àlejò. Wọn ò nà mí, wọn ò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìwé tí wọ́n ń kà ní sùkúù ni wọ́n gbájú mọ́ fún mi láti ọjọ́ náà, mo sì mọ̀wé.

Kí ni ò bá gbé mi padà sídìí kéwú bí kò bá ṣe etí màámi? Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnu mi ń mì, wọ́n ní, "Bọ́ sí apá òsì. Tọ̀tún ti lọ." Wọ́n sọ ọ́ bíi pé ọjà ni etí náà lọ. Dókítà tí mo gbé wọn lọ bá sọ pé tòsì náà ń tẹ̀lé e bọ̀, pé kò lè ju ọdún díẹ̀ lọ mọ́. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́, mo sunkún títí tí obìnrin tó jókòó tì mí fi bi mí bóyá mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń rò. Kéwú tí màámi gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu mi kò ju ìlà méjì àti díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyókù kí etí òsì náà tó lọ.

Wọ́n ní kíláàsì kéwú àwọn àgbà wà ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn àgbà ti tú ká. Orúnkún ń dun ọ̀kan, ọ̀kan ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Ìbàdàn, ẹ̀kẹta kàn dáwọ́ dúró ni. Wọ́n ní kí n ṣì jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé ná títí àgbà á fi pọ̀. Àgbà ò pọ̀. Báyìí ni èmi àti àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe ń kéwú pọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan fún mi lẹ́yìn, nítorí èyí tí àwọn yẹn ń jókòó lé kò gbà mí.

Àáfà tó ń kọ́ wa kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Aránṣọ ni láàárọ̀, àáfà ni lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi lójú gbogbo kíláàsì. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà." Ọmọ kíláàsì mi ni nígbà kan rí. Mi ò rántí ojú rẹ̀, àmọ́ mo ní, "Áà, ìwọ nìyí," bí gbogbo tíṣà ṣe máa ń sọ. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àáfà, tí mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, nítorí òun ló mú pàṣán dání.

Mo ní ọgbọ́n kan tí mi ò jẹ́ kó mọ̀. Bí ó bá ti ka ìlà kan fún wa, màá fi lẹ́tà Yorùbá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé pérépéré. Nígbà tí mo bá délé, màá há a sórí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń ka Yorùbá tó ń ṣe bíi kéwú. Ìka mi á máa lọ lábẹ́ ìlà láti ọ̀tún sí òsì bó ṣe yẹ, ojú mi á máa lọ láti òsì sí ọ̀tún nínú ìwé kékeré tó wà lórí itan mi. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ rò pé mo ní làákàyè.

Lọ́jọ́ kan, Àáfà fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà, ó ní kí n ka ibẹ̀ nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ó ní, "Ibí yìí nìkan, mà." Mo wo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà wò mí. Mo ní ọ̀fìnkìn ń ṣe mí.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Àáfà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nígbà tó ku àwa méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, ó ní, "Mà, ẹ mọ lẹ́tà wọ̀nyí. Mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé?"

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi. Bóyá nítorí pé ó ti rẹ̀ mí ni mo ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Ohùn kan wà tó ń sọ fún mi pé orí mi ò gbà á."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Tó bá dé, ṣé ó máa ń sálámà?"

"Kí lẹ wí?"

"Ṣé ó máa ń kí yín kó tó sọ̀rọ̀?"

"Àáfà, inú orí mi ló wà."

"Orí yín náà nilé yín, mà. Ẹni tó bá já wọlé yín tí kò sálámà, tí kò ní ẹ kú ilé, ṣé ẹ máa ń dá a lóhùn?"

"Rárá o."

"Ẹ má dá a lóhùn nígbà náà. Ẹ ò ní lé e, ẹ ò ní bá a jà. Tó bá kí yín bí ọmọlúàbí, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Tí ò bá kí yín, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Mo wò ó. Mo ní, "Níbo lẹ ti kọ́ ìyẹn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní. Ó ní, "Èmi náà ní ọ̀kan, mà. Tèmi ń sọ pé orí mi ò gba ìṣirò. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó tó ọdún mẹ́rin tí mi ò lè wọn aṣọ tẹ́nì kan bá ń wò mí. Tí mo bá ti gbé téèpù báyìí, á bẹ̀rẹ̀."

"Ohùn ta ni?"

Ó ká ẹní náà tán. Ó ní, "Tiyín ni, mà. JSS Two."

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. Mo gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, mi ò rántí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rántí? Ọmọ bíi mẹ́wàá ni mò ń sọ ọ́ fún lọ́dọọdún. Mo rò pé mò ń la ọ̀rọ̀ yé wọn ni. Ojú tì mí débi pé mi ò rántí ọ̀fìnkìn. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Àáfà." Ó ní ó ti pẹ́. Ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ tí òun fi ìka sí.

Mo kà á. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni.

Láti ọjọ́ náà, bí ohùn yẹn bá ti sọ̀rọ̀, màá dúró, màá máa retí sálámà. Kò kí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màá ní nínú ọkàn mi pé ẹni yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé, màá sì ka ọ̀rọ̀ tó kàn. Kò lọ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó máa ń lọ. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún lómi, ó ń wò mí.

Ní sùkúù náà, mo jáwọ́ nínú gbólóhùn yẹn. Kò rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo jáwọ́ gan-an, ọmọ kan sọ fún mi pé bí èèyàn bá ro ìdajì mọ́ ìdámẹ́rin, ìdámẹ́fà ló máa jẹ́. Gbólóhùn náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Jókòó, jẹ́ ká jọ tún un ṣe." Ọmọ náà wò mí bíi pé ara mi ò yá.

Nígbà tó yá, Àáfà ní mo ti kà dé ibi wòlímọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àáfà àgbà tó kọ́ Àáfà wa ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ilé kéwú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe wòlímọ̀ pọ̀. Ìlú tí mo ti jẹ ẹran méjì ni mo tún ń padà sí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sọ fún màámi. Mo jókòó sí apá òsì wọn.

"Màámi, a fẹ́ ṣe wòlímọ̀."

"Ti ọmọ ẹ wo?"

"Tèmi ni."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ Tíṣà?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n wá ní, "Ta ló máa se ìrẹsì?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọdé mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti èmi la wọ aṣọ funfun. Àáfà ló rán tèmi; ìyàwó rẹ̀ ló wọn èjìká mi, Àáfà ló gé e. Ó bá mi mu rẹ́gí. Màámi wà níwájú lábẹ́ tẹ́ǹtì, wọ́n ti yí àga wọn kí etí òsì lè kọjú sí mi, wọ́n wá jókòó bí ẹni tó ń bá odindi àwùjọ jà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: mo ti ya ojú ewé kan nínú ìwé kékeré mi, mo ká a, mo fi sábẹ́ wàláà. Mi ò ní in lọ́kàn láti wò ó. Mo kàn ní kó wà níbẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń mú agbòjò dání nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Wọ́n pè mí. Mo ka ìlà kìíní. Mo ka ìlà kejì. Mo dé ìlà kẹta, ọ̀rọ̀ sì di mí lẹ́nu. Mo yọ́ ọwọ́ sábẹ́ wàláà, mo tú ìwé náà díẹ̀, mo wò ó. Orúkọ àwọn ọmọ JSS Two tó máa gbálẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni. Ìwé mìíràn ni mo ká láàárọ̀. Mo tiẹ̀ ti ka orúkọ mẹ́ta nínú ọkàn mi kó tó yé mi.

Ohùn náà dé. Ó ní, "Orí ẹ ò gba kéwú."

Mo dúró. Àwọn àáfà rò pé mò ń mí ni. Sálámà ni mò ń retí. Mo fún un láyè dáadáa, kó má baà sọ pé mi ò gba òun lálejò. Kò kí mi. Mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lórí wàláà, mo sì pè é bí mo ṣe rí i.

Mo ṣì í.

Àáfà tó wà níbẹ̀ tó mẹ́rìnlá, gbogbo wọn pariwo èyí tó tọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi gbéra láti dìde. Ó dà bíi pé ẹsẹ̀ kì í gbàgbé nǹkan. Mo fọwọ́ tẹ orúnkún mi méjèèjì mọ́lẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ náà pè. Wọ́n dákẹ́. Mo bọ́ sí ìlà kẹrin.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣì í kí n tó kà á tán. Ọmọ tó kà tẹ̀lé mi ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ń wo ibi tí ìrẹsì wà láti ìlà kejì.

Nígbà tí àlejò tú ká, èmi àti màámi jókòó nínú yàrá wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bu oúnjẹ mi. Mo wo inú abọ́. Ẹran méjì ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Àbí méjì kọ́ lo máa ń mú?"

Mi ò lè jẹun. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi mọ̀, wọn ò sọ ọ́. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìlà kẹta yẹn ló le." Wọ́n gbá ìrẹsì díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní, "Ó wù mí náà nígbà kan. Àmọ́ orí tèmi ò gba kéwú."

Bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Gbólóhùn náà ni, ohùn náà ni. Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé tèmi ni wọ́n ń sọ, tiwọn ni wọ́n ń sọ. Èmi kàn jogún rẹ̀ ni.

Mo na ọrùn dé etí òsì wọn, mo ní, "Ta ló sọ fún yín bẹ́ẹ̀, Màámi?"

"Ta ló máa sọ ọ́? Mo mọ̀ ni. Nígbà tí ìwọ náà dìde lọ́jọ́sí, mo ní ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un. Mo ní mo ti kó bá ọmọ."

Mo ní, "Tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ṣé ó máa ń sálámà?"

Wọn ò gbọ́. Mo ti gbàgbé pé apá ọ̀tún ni mo wà. Mo dìde, mo lọ jókòó sí apá òsì, mo sì tún un bi wọ́n. Wọ́n fi abọ́ sílẹ̀. Wọ́n ronú sí i gidi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rántí aládùúgbò kan tó ti pẹ́.

"Kò kí mi rí," ni wọ́n wí. "Láti kékeré."

Mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn nígbà náà." Mo gbé wàláà mi sórí itan wọn. Mo mú ìka wọn, ìka tó ti ta òwú láti ìgbà tí mo ti dáyé, mo fi sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wà lápá ọ̀tún. Mo sún mọ́ etí òsì wọn, mo ní, "Alífù."

Wọ́n wò ó. Wọ́n dúró, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń retí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Alífù."

Wọ́n pariwo rẹ̀ gan-an ni, bí àwọn tí etí wọn ń lọ ṣe máa ń ṣe. Gbogbo agbo ilé ló gbọ́.